Bí Okùn Abíkẹ́ Ṣe Gba Oko Takon Kọjá

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo ti wẹ̀, tí mo ti di ẹ̀kọ mẹ́rin sápò, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ahoyéyé, tí mo ń retí zémì, ìyẹn alùpùpù tí ń gbé èrò. Abíkẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló pè mí lálẹ́ àná. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bẹ Bàbá Takon. Wọ́n ti fi àálè sọ́nà iṣẹ́ mi."

Àkànní, àbúrò mi ọmọ ìyá kan náà, ni Bàbá Takon tó ń wí. Iṣẹ́ okùn sì ni Abíkẹ́ ń ṣe. Kì í ṣe okùn ìdì igi o. Ó ní dígí tó tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ní ń sáré gba inú dígí náà. Fíbúrù ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é. Wọ́n ń rì í sábẹ́ ilẹ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́bàá Sakété, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn. Oko Àkànní nìkan ló kù tí wọn kò tíì gbẹ́. Bí okùn náà kò bá sì kọjá lónìí, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ so orí okùn pọ̀ ń lọ sí apá òkè lọ́la, ó tún di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè jí.

Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà Ahoyéyé títí dé Pobè, òjò sì ti fá a. Gbogbo ibi tí ihò wà ni onízémì ń ké pé, "Màmá, ẹ dì mí mú!"

Mo ní, "Bí mo bá dì ọ́ mú ju báyìí lọ, a ó ṣègbéyàwó."

Ẹ̀rín pa á, díẹ̀ ló kù kó kó wa wọ inú igbó. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta faran ló gbà. Ní Pobè mo wọ tasí: èèyàn méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn, ewúrẹ́ kan lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀dà ni ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ, ọ̀pẹ ló wà lọ́tùn-ún lósì, ewúrẹ́ náà sì sùn ju èmi lọ.

Nígbà tí a dé Sakété, mo jẹ àbobo. Ẹ̀wà ni, bí àwọn Ègùn ṣe ń pè é nìyẹn. Wọ́n bu gàrí àti epo lé e lórí. Gàrí Sakété kúnná bí iyẹ̀fun, tiwa ní Ahoyéyé máa ń ní hóró. Mo sọ fún obìnrin tó ń tà á pé tiwa ló dùn jù. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn o. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e dání?" Mo bu ẹ̀wà sẹ́nu.

Abíkẹ́ fi ọkọ̀ pàdé mi níbẹ̀. Ó wọ bàtà tó dé orúnkún, ó dé akoto bí ẹni tó ń rogun. Mo bi í pé kí ló ṣe fún Àkànní.

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Méèrì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ti fún mi níwèé àṣẹ. Mo kàn ní kí wọ́n ri èèkàn, kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lè mọ ibi tí wọn ó gbà."

"Aṣọ pupa? Láàárín ẹ̀gẹ́ olóko? Ìwọ lo kọ́kọ́ fi àálè sí i!"

Ẹni tí kò bá mọ àálè, àmì ni, tí olóhun ń so mọ́ ohun rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó so ó ló gbọ́dọ̀ tú u. Abíkẹ́ káwọ́ lérí akoto rẹ̀. Ìwé ló kọ́, kò gbé oko rí.

Ní Takon, kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ fún okùn náà wá tààrà títí dé ẹ̀bá oko Àkànní, ó dúró. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá. Olórí wọn ní, "Màmá, kí wọ́n fowó kún owó wa, kí wọ́n tún fi kún un, a ò ní sọdá àálè."

Àkànní kò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ọmọ yín ti gboko lọ́wọ́ mi."

"Báwo ló ṣe gbà á?"

"Mo jí, mo rí aṣọ pupa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò sẹ́ni tó kí mi pé ẹ kú àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ìyàwó mi ò lè wa ẹ̀gẹ́. Èmi náà bá so tèmi."

Mo wo tirẹ̀: ìkarahun ìgbín, òòyà tó kán, àti aṣọ pupa kan báyìí. Mo súnmọ́ ọn.

"Àkànní, ṣé kì í ṣe gèlè mi nìyí?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ gbàgbé ẹ̀ síbí nígbà ọdún."

"Mo gbàgbé ẹ̀, o wá fi ń lé èèyàn lóko?"

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn abẹ́ igi tẹ̀ lé e, Àkànní náà kò lè mú un mọ́ra. Mo ṣẹ́jú sí Abíkẹ́. Ó ṣí akoto, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìwé ni mo gbójú lé. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ wá kí yín."

"Kí lokùn náà tiẹ̀ wà fún?"

Ó já ewé ẹ̀gẹ́ kan tó ti pọ́n, tó ti ká kò. "Àwọn olùkọ́ Sakété ń ya àwòrán irú ewé yìí láti mọ àìsàn tó ń ṣe é. Àwòrán náà pọ̀, ó wúwo. Ẹnìkan ní láti wọkọ̀ gbé e lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kútọnu. Bí okùn yìí bá dé, kí ẹ tó gbé òkèlè kan mì, ó ti débẹ̀."

"Òkèlè mi àbí ti ìyàwó mi? Tèmi yá o." Ó na ìka sí àwọn èèkàn náà. "Ẹ tú tiyín ná."

Abíkẹ́ tú gbogbo aṣọ pupa náà fúnra rẹ̀, ó kó wọn fún mi. Olórí àwọn agbẹ́lẹ̀ wá ní, báwo làwọn ó ṣe mọ ọ̀nà báyìí? Mo na ọwọ́ sí ọ̀rá omi funfun tí wọ́n ti mu tán, tí wọ́n dà sílẹ̀. Ta ló ń sá fún ọ̀rá omi? Ìyẹn ni wọ́n so. Ìgbà náà ni Àkànní wá dìde, ó tú àálè rẹ̀, ó sì ju gèlè mi sí mi lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́.

Kí oòrùn tó yẹ̀, kòtò ti la oko náà já. Ìyàwó Àkànní ń wa ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ ebè òun.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo padà dé Ahoyéyé. Ìdí ń ro mí, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí Abíkẹ́ pè.

"Màmá, ìmọ́lẹ̀ ti dé Sakété! Àwòrán ewé oko Bàbá la fi dán an wò. Ó ti dé Kútọnu."

Mo ní, "Ṣé o ti pe Àkànní láti sọ fún un?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ pè, Màmá."

Ọmọ náà ti gbọ́n. Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ: okùn tó yá ju òkèlè lọ, kò lè yá ju "ẹ kú àárọ̀" lọ.

Àti ohun kejì. Mo so àwọn aṣọ pupa Abíkẹ́ mọ́ igi ọsàn mi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí àwọn èrò máa ń ká kó tó pọ́n. Láti ọjọ́ náà, ọsàn mi pé lórí igi.