Obìnrin Alààyè Nínú Fọ́tò Òkú

Nímátù Jùnáídù, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Aboabo ní Kumasi, fa àgùntàn funfun kan lọ sí àdúgbò Dichemso ní ìlú kan náà ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan ló lọ bẹ̀, ìyá tí ó fi sáàárín òkú láìmọ̀ọ́mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kí i lójú ọ̀nà, wọ́n sì yára gbójú kúrò, nítorí ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Iṣẹ́ Nímátù ni títún fọ́tò ṣe. Fọ́tò tí kòkòrò jẹ, tí omi bà jẹ́, tàbí tí ó ya sí méjì nínú àpótí nígbà tí ẹbí ń sá kiri, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá Jacob ló ti kọ́ṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń ya fọ́tò ní Kumasi kí wọ́n tó bí ọ̀gá náà gan-an. Nígbà náà, búrọ́ọ̀ṣì, abẹ àti yíǹkì ni irinṣẹ́ wọn. Òfin kan ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ: a kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Bí o bá fẹ́ kun nǹkan, tẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara lé fọ́tò náà lórí, kí o sì kùn ún sórí ike. Bí o bá ṣìṣe, ike lo máa jù nù, fọ́tò onífọ́tò á wà bó ṣe wà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá Jacob ra ọ̀kan, ó sì ní kí ẹnì kan bá òun da ètò ìtúnfọ́tòṣe kan sínú rẹ̀, ètò tí wọ́n ń tà lókè òkun. Àdàkọ ni, èyí tí wọn kò sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ṣe é. Àdàkọ rẹ̀ náà ni gbogbo ìlú ń lò, nítorí iye tí wọ́n ń ta ojúlówó rẹ̀ ju ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ. Nímátù kọ́ ètò náà títí ó fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé ìdáná ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ó bi bàbá rẹ̀, Alfa Jùnáídù, bóyá ó tọ́ kí òun náà da àdàkọ yẹn sínú ẹ̀rọ òun. Baba náà kò wàásù rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi dá a lóhùn, pé ṣé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Alfa kú. Nímátù kò rí èsì ìbéèrè náà, kò sì lè da àdàkọ náà.

Kwaku, tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù lẹ́bàá Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Kumasi, ló bá a wá ojútùú. Ó ní ètò mìíràn wà tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn fi tọrẹ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá wù lè dà á, kò sì ní jẹ́ olè. Ọ̀gá Jacob gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́, òun náà ló sì ń ṣí òrùlé.

Ètò ọ̀fẹ́ náà kò kọ́kọ́ rí bí ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Nínú ètò ọ̀gá Jacob, gbogbo irinṣẹ́ wà nínú fèrèsé kan lójú ẹ̀rọ, ó tò bí àwo sórí pẹpẹ. Nínú èyí, fèrèsé fọ́tò dá wà níbì kan, ti irinṣẹ́ dá wà níbòmíràn, ti àwọ̀ sá sẹ́yìn wọn. Gbogbo àṣẹ tí Nímátù ń wá lókè fọ́tò kò sí níbẹ̀. Odindi òwúrọ̀ ló fi wá wọn kí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì, tí gbogbo wọn sì tú jáde lójú fọ́tò bí èèrà. Síbẹ̀ ó ní oore tirẹ̀. Bí Nímátù bá ṣìṣe, ètò náà ń jẹ́ kó padà sẹ́yìn léraléra, nígbà tí ti ọ̀gá Jacob, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gbà á láyè. Ó sì ní ìpele: o lè tẹ́ ohun tí kò ṣeé rí lé fọ́tò lórí, kí o máa kùn ún, kí fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ má mọ̀. Nímátù rí i pé ike àtijọ́ ló tún padà wá. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìgbà náà ni Òpànyín Kwasi kú, àgbà mẹkáníìkì ní Suame Magazine, tí gbogbo Dichemso mọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dára nínú èyí tí ó yà láyé ni ti ọjọ́ tó ra lọ́rì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dúró ti lọ́rì náà nínú aṣọ kẹ́ńtè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Maame Akua, dúró tì í, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. Maame Akua ṣì wà láàyè. Ẹbí sọ fún Nímátù pé kó yọ ọ́ kúrò, kó yọ ọ́ pátápátá, nítorí fọ́tò ńlá tí a ń gbé síwájú níbi ìsìnkú, òkú nìkan ló ni ín. Láti fi alààyè sí i, bí ìgbà tí ènìyàn nàka sí onítọ̀hún fún ikú ni.

Nímátù mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Bí fọ́tò náà bá dára, gbogbo olókùú Dichemso á mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí kò bá dára, ọ̀rọ̀ ọ̀gá Jacob ṣẹ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbé òkú rẹ̀ fún obìnrin tó ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó tẹ́ ìpele tuntun lé fọ́tò náà lórí. Ibi tí Maame Akua dúró sí, ó kun ara lọ́rì síbẹ̀. Ọwọ́ tó wà léjìká, ó fi ọnà kẹ́ńtè bò ó, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ní Ọjọ́bọ̀ ó wò ó títí, kò rí ẹnì kankan àfi Kwasi. Ó wá rí i pé iwájú orí olóògbé ṣókùnkùn díẹ̀, ó bá padà sí fọ́tò tó wà nísàlẹ̀, ó mú kó mọ́lẹ̀ sí i, ó sì fi iṣẹ́ náà pamọ́ sórí dísìkì fún ilé ìtẹ̀fọ́tò kan ní Adum láàárín ìlú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó wà ní mọ́sálásí. Ẹbí ló lọ gba fọ́tò náà nínú férémù rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ pupa àti dúdú tí wọ́n ti fún ilé ìtẹ̀fọ́tò pé kí wọ́n fi dì í. Kò sí ẹni tó tú u wò. Nínú ẹbí yẹn, a kì í ká aṣọ kúrò lójú òkú kí àwọn arábìnrin rẹ̀ tó sunkún tán.

Láàárọ̀ Sátidé, níbi ìsìnkú, olórí ẹbí ká aṣọ náà. Àwọn tó ń sunkún dákẹ́, àwọn tó jókòó dìde díẹ̀díẹ̀. Maame Akua wà lórí àga iwájú. Ó rí ara rẹ̀ lọ́mọge, tí ó gbọ́wọ́ lé àbúrò rẹ̀ léjìká.

"Kwasi ti wá mú mi," ló sọ ní Twi, ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ fún.

Àwọn obìnrin méjì gbá a mú kí ó má baà ṣubú. Olórí ẹbí da aṣọ bo fọ́tò náà padà, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri, wọ́n sì sin Kwasi láìsí fọ́tò. Nímátù wà lẹ́yìn.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà. Maame Akua kò sí nínú fọ́tò tó wà níbẹ̀. Ó fi dísìkì tí ẹbí bá a gbà padà ní ilé ìtẹ̀fọ́tò sínú rẹ̀, ó ṣí i: Maame Akua wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Fọ́tò kan náà, iṣẹ́ ọwọ́ Nímátù kan náà. Nímátù ka Áyátúlí Kúrúsíyù, ẹsẹ Kùránì tí a fi ń wá ààbò, ó sì tún wò ó. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, ọ̀gá Jacob wọlé. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé dísìkì àdàkọ ètò tirẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ọmọ Alfa, da èyí sínú ẹ̀rọ rẹ. Ṣé ẹni tó ṣe é lókè òkun ló máa wá yọjú wo Aboabo?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o fi ọ̀fẹ́ sin òkú olókùú."

Ó jáde, ó fi dísìkì náà sílẹ̀. Nímátù jẹ́wọ́ pé òun nawọ́ sí i. Ọwọ́ òun ti kàn án nígbà tí Kwaku, tí òun ti ránṣẹ́ pè, kan ilẹ̀kùn.

Kwaku wò ó, ó sì bi í pé orí ìpele wo ni ọwọ́ rẹ̀ wà nígbà tó fi iṣẹ́ náà pamọ́. Nímátù ní ti ìsàlẹ̀ ni, fọ́tò gan-an, níbi tí òun ti ń mú iwájú orí olóògbé mọ́lẹ̀. Kwaku mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé irú fáìlì tí ilé ìtẹ̀fọ́tò ń lò kò gba ju ìpele kan lọ. Ẹni tó bá ní púpọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nìkan ni ètò náà máa gbé.

"Ti ọ̀gá Jacob kì í gbà fún mi bí mi ò bá tíì pa wọ́n pọ̀," ni Nímátù wí.

"Eléyìí gbà pé o mọ ohun tí ò ń ṣe ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà á lẹ́rù ju iwin lọ. Ọ̀tá kankan kò dán an wò, òkú kankan kò pe ẹnikẹ́ni. Òfin tí ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ, pé kó má fọwọ́ kan ojúlówó, òun gan-an ló pa Maame Akua mọ́ sísàlẹ̀ láìpàdánù ìka kan. Ètò ọ̀fẹ́ sì gbé e jáde láìbéèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ Nímátù wà.

Ó fa àgùntàn lọ ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé ẹyin àti aṣọ funfun dání fún ẹ̀bẹ̀. Ẹbí gbà wọ́n. Ọtí tí àṣà wọn ń béèrè, wọ́n fojú fò ó fún un nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Maame Akua kò sọ ju pé òun fẹ́ rí ẹ̀rọ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Nímátù dá dísìkì ọ̀gá Jacob padà. Ọ̀gá náà gbà á, ó wojú rẹ̀, ó sì béèrè, bíi pé kò kàn án, bóyá òótọ́ ni pé ètò ọ̀fẹ́ ọ̀hún lè padà sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n gbé Maame Akua wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nímátù fi ìpele hàn án. Ó bò ó, obìnrin náà pòórá. Ó ṣí i, obìnrin náà padà dé. Arúgbó náà ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ibo ni mo ń lọ?"

"Ẹ kò lọ síbì kankan, Maame. Mo kàn fi nǹkan bò yín ni. Ẹ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀."

Maame Akua na ìka sí ojú ẹ̀rọ.

"Má pa mí rẹ́ níbẹ̀ o. Bó bá kan tèmi, Kwasi ni kó o bò."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nímátù fi fọ́tò náà pamọ́ pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ló pa wọ́n pọ̀ fún ilé ìtẹ̀fọ́tò. Lọ́tẹ̀ yìí ó lọ sí Adum fúnra rẹ̀, ó dúró ti ẹ̀rọ títí bébà fi jáde, Kwasi nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì rẹ̀.

Fọ́tò tuntun náà wà nílé ẹbí ní Dichemso báyìí, nínú aṣọ rẹ̀. Ní Sátidé tí ogójì ọjọ́ olóògbé bá bọ́ sí, wọn yóò gbé e síwájú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì. Maame Akua ti ní òun fúnra òun ni yóò ká aṣọ náà, ó sì ti ní kí wọ́n gbé àga Nímátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun níwájú.