Agbọ́n Inú Ọgbà Yèyé

Òórùn oògùn apakòkòrò tí aládùúgbò mi ń fín sí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ló gbé mi padà sí Ìwàrà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbọ́n ta mí létí nínú ọgbà Yèyé, ìyá bàbá mi. Bàbá mi ṣáná láti sun ilé agbọ́n náà, àmọ́ Yèyé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ló ń bá mi kó kòkòrò ara tẹ̀tẹ̀ jẹ."

"Yèyé, ẹ jẹ́ kí n ra oògùn fún yín."

"Oògùn ò tún ní wọ oko mi láéláé."

Bàbá mi pa iná ọwọ́ rẹ̀. Mo ń sunkún, mo gbà pé Yèyé fẹ́ràn agbọ́n jù mí lọ. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé oògùn kòkó tí ọkọ rẹ̀ ń fín láìbo imú ló pa á.