Àtẹ́lẹwọ́ Tí Kò Wo Òkè Mọ́

Òórùn òrí tí wọ́n ń yọ́ lórí iná ló máa ń dá mi padà sí Savalou ní ilẹ̀ Benin, sí àgbàlá bàbá kan, ọmọ ẹ̀yà Mahi, tó ń to eegun. Orí alùpùpù ni bàbá mi ti ṣubú lójú ọ̀nà Agoua, apá ọ̀tún wọn sì kán láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Télọ̀ ni wọ́n ní Bantè. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni gbogbo wa ń rò. Ọwọ́ àdúà ò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn.

Bàbá tó to eegun náà fi apá ara wọn hàn mí. "Ọmọ mi, èjìká máa ń yí bí ọmọ odó nínú odó. Ìgúnpá, ṣíṣí àti pípadé ni tirẹ̀, bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n eegun méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní láti yí kọjá lórí èkejì kí àtẹ́lẹwọ́ tó lè wo òkè. Tá a bá tú igi tí mo dì mọ́ apá wọn yìí, máa bá bàbá rẹ yí i láràárọ̀. Yóò dùn wọ́n. Má tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró."

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè ṣe é. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí a tú igi, mo di ọwọ́ náà mú, mo yí i díẹ̀, òógùn bo ojú bàbá mi. "Ìyá mi, ó tó," ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, nítorí mo jọ ìyá wọn. Ta ló máa gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ̀? Láti ọjọ́ kejì, òrí nìkan ni mò ń fi pa á. Nígbà tí bàbá tó to eegun pè lórí fóònù, mo ní à ń yí i dáadáa. Ìgbà tí a máa fi padà sí Savalou, eegun ti so pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, nítorí àtẹ́lẹwọ́ tó dojú délẹ̀ náà ni télọ̀ fi ń ti aṣọ. Lẹ́yìn ìrun ni ìyà wà. Bí wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè fún àdúà, òsì á ṣí, ọ̀tún á dojú délẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un. Wọ́n á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká á bá wọn yí títí, síbẹ̀ kò ní wo òkè. Ó dùn mí débi pé mo jẹ́wọ́ fún wọn pé wọ́n ní kí n má dáwọ́ dúró, àti pé irọ́ ni mo pa lórí fóònù. Wọ́n fọwọ́ lu ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Èmi ni mo ní ó tó. Wá jókòó síbí, yá mi ní ọ̀tún rẹ."

Láti ọjọ́ náà, òsì wọn àti ọ̀tún mi la fi ń gba àdúà nínú ilé wa.

Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe bàbá mi ni mo ṣàánú láàárọ̀ yẹn. Ara mi ni, etí mi tí kò fẹ́ gbọ́ ìrora wọn. Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àfáà ń ṣàdúà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo tẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé èmi ni mo máa gbé òsì tèmi náà sókè báyìí.