Ìka Mẹ́wàá Àyìsátù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àyìsátù, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní abúlé Idigny, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Adití ni Falilatou, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ìyá àti ọmọ ló jọ dá èdè ọwọ́ tiwọn sílẹ̀ láàárín ebè. Bí ọmọ bá fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́, "ìyá mi" ló wí, nítorí àpá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Àyìsátù.

Nígbà tí Falilatou pé ọdún mẹ́tàlá, wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití lápá òkè, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Kí ni adití fẹ́ fi ìpè "aló, aló" ṣe? Àfi kí wọ́n máa ríra wọn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n rézò, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì fóònù tí ìyá ń lò, tí gbogbo abúlé ń lò torí pé ó pọ́ọ́kú, á gbé àwòrán dé ìdajì ọ̀rọ̀, á sì dúró gbagidi.

Lóṣù kẹta, Tantí Ghislaine, olùkọ́ ọmọ náà, pè. Falilatou ti kó ẹrù sí àpò, ó ní òun ò kàwé mọ́. Séidou, àbúrò ọkọ Àyìsátù, ní kò burú.

"Ìyàwó wa, lọ́jọ́ Sátidé màá wọkọ̀ lọ mú un wá. Oko ṣáà wà nílẹ̀."

Àyìsátù mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá fi lè wálé, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Tantí Ghislaine ní òun lè bá a jíṣẹ́ fún ọmọ, rézò ọ̀dọ̀ àwọn ò sì ní wàhálà.

"Ojú olójú ò lè jọ ojú ẹni," ni Àyìsátù wí. "Èmi fúnra mi ni màá bá a sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ ọjà, ó lọ bá àwọn tó ń ta káàdì rézò. Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ̀wù ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́, èkejì ní òun á fi mẹ́gà ọ̀fẹ́, ìyẹn dátà, kún èyí tó bá rà. Àyìsátù ní òun ò wá ẹ̀wù. Ó gba fóònù méjì lọ́wọ́ oníkálukú wọn, ó ní kí Albertine, aládùúgbò rẹ̀, gbé ọ̀kan dúró lódìkejì ọjà. Ó wá ń na ìka níwájú fóònù kejì níkọ̀ọ̀kan, kíákíá, dórí mẹ́wàá. Lórí rézò àkọ́kọ́, mẹ́rin ni Albertine rí. Lórí èkejì, mẹ́fà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ ti da obìnrin náà lórí rú. Ẹ̀yin ẹlẹ́rìn-ín, ta ni nínú yín ló dán rézò wò rí kó tó rà á? Ẹ̀kẹta ò fúnni ní nǹkan kan, mẹ́gà rẹ̀ tún wọ́n. Albertine ka mẹ́wàá pé, kò fo ọ̀kan.

Àyìsátù rà á. Kí ọjà tó tú, èèyàn méje ti rà á tẹ̀lé e, ẹlẹ́rìn-ín sì wà nínú wọn.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, Séidou jókòó ti Àyìsátù bó ṣe ń fi rézò tuntun pe ọmọ. Ojú Falilatou yọ, ó mọ́ débi pé ìyá rí omi tó dúró sí i létí ojú. Ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ìyá mi, kí ló dé tó jẹ́ pé bí mo bá ti ń sunkún, ẹ ó dákẹ́?"

Ìgbà náà ló yé Àyìsátù. Gbogbo oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ tí rézò dá dúró sójú kan ni ọmọ ń rí. Ọmọ ti rò pé òun ti sú ìyá òun.

"N ò dákẹ́ rí," ni ọwọ́ ìyá wí. "N ò dákẹ́ rí, ọmọ mi." Ọwọ́ náà ò dúró, kò fò, láti Idigny títí dé òkè réré, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ṣì wà láàárín ebè. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń gba ojú ọ̀run kọjá. Ẹnu Séidou ò lè padé. Falilatou gbé àpò rẹ̀, ó da gbogbo ẹ̀wù inú rẹ̀ sórí ibùsùn.

"Kí ló wí, ìyàwó wa?" Séidou béèrè. "Ṣé kí n ṣì lọ lọ́la?"

Ọwọ́ Àyìsátù ò ráyè.