Tíkẹ́ẹ̀tì Tí A Ti Dá Lu

Fọwọ́kàn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó bá ti kú, bó bá sáà ti fọwọ́ kàn án, yóò jí. Òun náà ò já wọn níyàn. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, tábìlì gígùn kan, fáànù tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní igun tábìlì.

Ó ní àṣà kan. Ohunkóhun tí oníbàárà bá gbé wá, orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ yìí ni yóò ti kọ́kọ́ dán an wò. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ pé ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ lá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, yóò pa gbogbo ohun tó dán wò rẹ́ pátápátá, kí ẹ̀rọ náà lè mọ́ fún ọ̀sẹ̀ tuntun. Àṣà tó fi ń yangàn nìyẹn. Òun náà ló kó o sí ìjàngbọ̀n.

Aránṣọ kan, obìnrin tí kì í pariwo, ló gbé kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ wá. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin. Kò sí ẹni tó ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níṣojú rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ní kí ìyàwó ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí ìyẹn gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì sílé. Ó fẹ̀yìn tì tán ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá a, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kó máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ni ọmọ rẹ̀ bá ra gẹ́ẹ̀mù fún un, èyí tí èèyàn fi ń wa ọkọ̀ ojú irin lórí kọ̀ǹpútà. Ojúlówó ni, pẹ̀lú páálí, díìsì, àti káàdì kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Bàbá ń tẹ bọ́tìnnì ìjánu. Bọ́tìnnì fèrè. Kí oṣù márùn-ún tó pé, ìka mẹ́rin ti ń gbọ́ ti Bàbá.

Àmọ́ gẹ́ẹ̀mù yìí ní ẹ̀ṣọ́. Kó tó wọ kọ̀ǹpútà kankan, á kọ́kọ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, wọn á sì fi àmì sí nọ́ńbà ara káàdì náà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì ṣí i, á tún béèrè nọ́ńbà náà. Ẹ̀rọ mẹ́rin péré ni wọ́n fàyè gbà. Tí èèyàn bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ dágbére fún wọn, kí wọ́n lè dá ipò náà padà. Fọwọ́kàn kì í dágbére. Ó kàn ń pa nǹkan rẹ́ ni, ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ tàbí tí wọ́n pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀, tuntun ni ẹ̀ṣọ́ ń kà á sí.

Ìgbà tí Aránṣọ kọ́kọ́ fi í sórí kọ̀ǹpútà Bàbá, ọ̀kan. Nígbà tí ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí bàjẹ́, Fọwọ́kàn dán gẹ́ẹ̀mù wò lórí tirẹ̀, méjì, ó sì dá a padà sórí ti Bàbá, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná tó pọ̀ jù jó bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Fọwọ́kàn pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Ó tún kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ lá, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Mẹ́rin. Sátidé dé, ó pa á rẹ́. Ọjọ́ Ajé, ó fẹ́ fi í sórí ti Bàbá, ẹ̀ṣọ́ ní ó tì o. Nọ́ńbà yìí ti wọ ẹ̀rọ mẹ́rin.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Èsì tó dé ni pé ilé iṣẹ́ mìíràn ti ra ilé iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ń bójú tó gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ yẹn mọ́. Ilé ti dahoro, ẹ̀ṣọ́ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Fọwọ́kàn sọ fún Aránṣọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò dáa. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, obìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó. Ó ní ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Bàbá lánàá, Bàbá ò sì wò ó.

"Bọ̀dá," ó ní, "ọwọ́ yẹn ti ń padà sẹ́yìn."

Ìgbà yẹn ni Fọwọ́kàn lọ bá Wọléwọ̀de, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ pín ògiri, tó ń ta gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Fọwọ́kàn ti ń bú u. Wọléwọ̀de wá irú gẹ́ẹ̀mù Bàbá tí wọ́n ti já lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò yára.

"Ìwọ tó ń pè mí lólè," ó ní. "Ìwọ náà ti wá sílé olè báyìí, àbí? Wọlé, jókòó."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Fọwọ́kàn gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé Bàbá. Aránṣọ ṣí aṣọ fèrèsé. Bàbá jókòó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, bí ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́. Gẹ́ẹ̀mù ṣí, ó sì bọ́ tààrà sí ibùdókọ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó tún gbé e kalẹ̀.

"Kò béèrè nọ́ńbà," ó ní.

Fọwọ́kàn ní irú tuntun ni, Bàbá, èyí kì í béèrè.

"Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo ojú ẹni tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Irú ojú yẹn lo ní yìí, ọmọ mi."

Fọwọ́kàn bá jẹ́wọ́. Ó ka ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka Sátidé mọ́ ọn, ó ní àṣà òun ló jẹ ipò tó kẹ́yìn. Aránṣọ wo ilẹ̀. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá yíjú sí fèrèsé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe Fọwọ́kàn ló ń wò. Ó ní obìnrin kan wà, ọjọ́ òjò. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti dá a lu, òfin sì sọ pé èyí tí a bá ti dá lu, a ti lò ó. Obìnrin náà ní òṣìṣẹ́ tó wà níwájú ló ṣèèṣì dá a lu nígbà tí òun ń wọlé. Bàbá ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀, tòun ti ẹrù.

"Òṣìṣẹ́ náà, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́wọ́ fún mi lọ́dún kejì," Bàbá ní. "Òótọ́ lobìnrin yẹn sọ."

Ó ní kí Aránṣọ mú káàdì inú páálí wá. Kí ó gbé e dúró síwájú kọ̀ǹpútà, kí nọ́ńbà rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ.

"Kó má wulẹ̀ sọ pé mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì."

Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún náà padà sórí bọ́tìnnì. Fèrè dún. Ọkọ̀ rọra ń fi ibùdó sílẹ̀. Fọwọ́kàn dúró lẹ́yìn àga, ó ń ka ìka. Ọ̀kan tẹ̀ ẹ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta gbéra díẹ̀, ó sì wálẹ̀.

Ó tún un kà. Nínú mẹ́rin, méjì ni.