Igo Bíà Alàgbà Dúrójayé

Gbogbo ìlú Ìlórò ló rí i lọ́jọ́ náà: Alàgbà Dúrójayé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọtí níwájú òun, ń sáré bọ̀ láti ilé ọtí Timothy, igo bíà lọ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ tẹ̀ lé e láti mọ̀ bóyá yóò mu ún lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì Beatrice wá kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Bàbá jókòó sáàárín àwọn obìnrin, torí kò sí ohun tí kì í fẹ́ mọ̀. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní itan nígbà tí àìsàn kò sí ní itan. Ó béèrè bóyá ọmú òsì àti ti ọ̀tún dùn bákan náà. Nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ó sọ iye ṣíbí ṣúgà, ó sọ ti iyọ̀, ó wá yọ igo bíà jáde pé òun ni wọn yóò fi wọn omi. Bàbá dìde, ó ní kó gbé e jáde nílé Ọlọ́run. Ìpàdé tú.

Kò pẹ́ ni ìgbẹ́ gbuuru mú Bọ́látitó, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ jìn, kò lè sunkún mọ́. Màmá Sarah, ìyàwó Bàbá, ti se omi, omi ti tutù, ṣúgà wà, iyọ̀ wà. Kí ni wọn yóò fi wọn omi? Nọ́ọ̀sì ti ní iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ. Bàbá wo ọmọ, ó bọ́ síta.

Timothy rò pé ojú ń tan òun jẹ ni. "Alàgbà, èyí tó tutù ni àbí èyí tí kò tutù?"

"Èyí tó ṣófo."

Wọ́n ń fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi padà sára ọmọ, tó tọ̀ sí Bàbá lára, ńṣe ni Bàbá ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún.

Ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ní, "Ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ni, sà. Igo míníra méjì náà ṣe é lò." Bàbá ò gbà, àfìgbà tó rọ omi igo míníra méjì sínú igo bíà, tó sì kún dẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá já lu ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, Bàbá ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí Bàbá kú, ẹnì kan fẹ́ gbé igo náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì rẹ̀, torí àwọn pásítọ̀ ń bọ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Màmá Sarah wí. "Nítorí ọmọ yìí ló ṣe gbà kí ojú ti òun níta gbangba."

Ibi tí àwa tó wá kẹ́dùn ti ń rẹ́rìn-ín tí a ń nu ojú ni ìyá kan ti wọlé, ọmọ lẹ́yìn. Ó kí wa kú ará fẹ́ra kù, ó ní òun wá yá igo Bàbá. Bọ́látitó, tó ti di ọmọge, dìde, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì gbé e fún un.