Ẹja Mautin Ti Rà Nínú Àwòrán

Àwòrán lásán lé oníbàárà sá lójú mi níbi àfihàn àwòrán kan ní Badagry lónìí.

Mautin, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ló ya abọ́ tánganran, ọ̀bẹ àti ẹja kan. Fọ́tò ni ẹ ó pè é. Olóyè kan fẹ́ rà á sí yàrá ìjẹun rẹ̀.

Olóyè ní, "Òtítọ́ pọ́ńbélé ni mo máa ń wá nínú iṣẹ́ ọnà."

Ìyá Sènamì, tó ń yan ẹja ní Topo, wá sún mọ́ àwòrán náà.

"Mautin, ọjọ́ mélòó lo fi ya ẹja yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, Mà. Bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́ ni mo yà á."

"Ó hàn. Ojú ẹ̀ ti jìn, ikùn ẹ̀ ti bẹ́. Mi ò lè yan èyí fún ajá."

Olóyè fọwọ́ di imú níwájú ọ̀dà gbígbẹ. Ó ní òun á tún un rò, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mautin yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ bá mi dá sí i."

Mo ní, "Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fún ẹ. Kò sẹ́ni tó tíì ya òórùn dáa tó báyìí."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àfi Mautin. Látìgbà yẹn, kò gbé ìpè mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ṣé èmi ni mo burú jù níbẹ̀, àbí ẹja yẹn?